Kobold mi ń kú bí eèrà: kí ni mo lè ṣe kí wọ́n lè dẹ́rù bani?

TíṣàÌyàrá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyàrá ni mo wà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń darí eré Dungeons & Dragons (eré ìtàn tí olúkúlùkù ń ṣe akọni kan, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀) fún àwa díẹ̀ kan ní bàráńdà ilé mi. Ìwé òfin eré náà ti 2014 la ń lò. Àwọn tó ń bá mi ṣeré nìyí: wẹ́dà kan, ìyá kan tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì, àbúrò mi obìnrin tó ń dúró de ìwé àgùnbánirọ̀, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí idà jagunjagun bàbá yìí bá ti ba nǹkan, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kẹta ni wọ́n wà.

Ayé eré wa jọ tibí: òkè, àpáta, oko iṣu, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Mo wá kó kobold sínú ọ̀kan nínú àwọn òkè náà. Ẹ mọ̀ wọ́n: ẹ̀dá bí alángbá, ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń rìn, wọn ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ẹyin ni wọ́n ń yé, dírágónì ni wọ́n ń sìn, wọn kì í sì í dá rìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí iṣu àti ewúrẹ́ ará abúlé. Àwọn tèmi bá gbéra, ó di oko. Ẹ̀mí 5 péré (máàkì tí ọgbẹ́ ń dín kù) ni kobold kọ̀ọ̀kan ní. Bàbá fi idà gbá ọ̀kan, ó kú. Ó gbá òmíràn, ó kú. Wẹ́dà ní, "Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan gidi níbi tí àwọn wọ̀nyí ti wá ni?" Ìyá oníkẹ́míìsì tiẹ̀ ní òun ò ní fi idán òun ṣòfò lórí alángbá.

Mi ò fẹ́ sọ ẹ̀mí wọn di 30. Mi ò sì fẹ́ lé wọn lọ kí n kó òmìrán wá, torí mo fẹ́ràn wọn. Kobold ẹlẹ́mìí 5 yìí kan náà, báwo ló ṣe lè mú kí bàbá yẹn dákẹ́ díẹ̀? Ẹ tún bá wa parí ìjà ilé kan: àbúrò mi ń búra pé ojú ajá ni kobold ní, pé òun rí àwòrán rẹ̀.

ỌmọÒgìdì

Tíṣà, ọ̀kun. Ẹ ní oko ni wọ́n ti jà. Ọ̀sán gangan nìyẹn, àbí? Ó ti tán. Ẹ ti gba agbára wọn kí wọ́n tó yọ ọ̀bẹ.

Ẹ tún ojú ìwé wọn ṣí. Pack Tactics ni gbogbo ohun tí wọ́n ní: bí ẹlẹgbẹ́ kobold kan bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ẹni tó fẹ́ gún, yóò ju dáìsì olójú 20 méjì, èyí tó ga ni yóò mú. Àmọ́ oòrùn kì í jẹ́ kí wọ́n ríran dáadáa. Nínú oòrùn, méjì náà ni wọ́n ń jù, ṣùgbọ́n èyí tó kéré ni tiwọn. Bí méjèèjì bá pàdé, wọ́n pa ara wọn rẹ́, dáìsì kan ṣoṣo ló kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàbá wọ ẹ̀wù irin, ó gbé asà, ká ní AC rẹ̀ (iye tí ẹni tó fẹ́ gún un gbọ́dọ̀ ní kó tó ba á) jẹ́ 18. Kobold ń fi 4 kún ohun tó bá jù, torí náà 14 sókè ló ń wá. Lọ́sàn-án, ìgbà 35 nínú 100 ni ọ̀bẹ rẹ̀ máa ba bàbá. Nínú ihò, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nítòsí, ó lé ní 57. Ẹ ò fi nǹkan kan kún un o, ibi tí wọ́n ti jà nìkan lẹ yí padà.

Ó wá ku ihò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti wa òkété rí mọ̀ pé ihò rẹ̀ kì í ní ẹnu kan. Bí ẹ ṣe ń fi èéfín sí ìhín, ó ti gba ibi tí ewé bò jáde lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́ ti kobold. Ọ̀nà tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta: wọ́n ń sáré nínú rẹ̀, bàbá ń rákò. Ẹni tó ń rákò, ìrìn rẹ̀ dín sí ìdajì. Bó bá fẹ́ gbá ènìyàn, dáìsì tó kéré ni tirẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn láti gún un ló ń mú èyí tó ga. Idà tó ń fì kiri lóko, ibo ló ti fẹ́ fì í? Kí ọ̀kan gún un lẹ́sẹ̀ láti inú ihò ẹ̀gbẹ́, kó sì padà wọlé. Kí òmíràn da epo àtùpà lé e lórí. Owó fàdákà kan ni ìgò epo nínú ìwé, bí iná bá sì ràn án, ẹ̀mí 5 mìíràn tún lọ. Kobold ń ríran nínú òkùnkùn dé ẹsẹ̀ bàtà 60. Ènìyàn kò ríran. Ẹni tó gbé ògùṣọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kànnàkànnà sọ.

Kí wọ́n sì máa sá! Ta ló ní kí wọ́n dúró? Nígbà tí ogun Tápà ń ti Bídà wá kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú Okun sá gùn, torí ẹṣin kò lè gun àpáta. Ìyẹn kò sì dáwọ́ dúró títí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Ìyá bàbá mi fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gùn ún hàn mí, tóóró báyìí, ẹni méjì kò lè gbà á pọ̀. Òkè yẹn gan-an ni mo yà sórí bébà nígbà tí mò ń ṣe ihò kobold tèmi. Bí ẹ bá gùn ún rí, ẹ ò ní bi mí pé báwo ni ẹni kékeré ṣe ń dẹ́rù ba ẹni ńlá.

Awakùsà_Ọ̀wọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ògìdì ti sọ ọ́ tán. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1987, Roger Moore tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Dragon kọ nípa àwọn kobold tí DM (adarí eré) kan tó ń jẹ́ Tucker ń lò. Àwọn akọni tó ti kọjá lẹ́fẹ̀ẹ̀lì yín yìí dáadáa ló ń sá fún wọn. Wọ́n ní àwọn yá lọ bá àwọn ẹ̀mí èṣù ńláńlá tó wà nísàlẹ̀ jà.

Tíṣà, àbúrò yín kò purọ́. Nínú ìwé eré yìí ti 1977, àwòrán wọn jọ ajá, ó kàn ní ìpẹ́ àti ìwo ni. Ìwé tó jáde ní 2000 ló sọ wọ́n di ẹ̀dá bí alángbá. Kí ó san owó mínírà fún yín, tàbí kí ẹ san án fún un, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Adúnní_Mopa

Èmi ò gbà tán o. Ọ̀rọ̀ ti di ká ṣáà ti pa bàbá. Ìyá oníkẹ́míìsì ńkọ́? Obìnrin tó ń tajà kò ní gbádùn kó máa rákò nínú ihò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ fún un lẹ́ni tó máa bá dúnàádúrà.

Kobold ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nínú ìtàn wọn, Garl Glittergold, òrìṣà àwọn gnome (ẹ̀dá kúkúrú mìíràn nínú eré yìí), ló wó ihò mọ́ Kurtulmak, òrìṣà tiwọn, lórí. Títí dòní wọn ò dárí ji gnome kankan. Bí gnome bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ ti rí ìjà. Àwọn tiyín ńkọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi iṣu ṣe? Bóyá dírágónì ló ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á kó ẹyin wọn jẹ. Kí bàbá mú ọ̀kan láàyè, kí ó sunkún díẹ̀, kí ó sì ní òun mọ ẹnu ihò tí kò sí pańpẹ́. Ẹ wá wò ó bóyá wọ́n máa gbà á gbọ́.

TíṣàÌyàrá

Adúnní, ẹ kú ọgbọ́n. Àbúrò mi ló ni gnome. Kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ògìdì, kobold mélòó ni kí n kó sínú ihò náà?

ỌmọÒgìdì

Mẹ́jọ. Nínú ìṣirò ìwé, kò tíì le dé àárín fún ẹni mẹ́rin tó wà ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kẹta. Ihò ló máa fi ìyókù kún un. Kí wọ́n máa yọ ní méjì-méjì, torí ọ̀kan ṣoṣo kò ní Pack Tactics. Kí ẹni ìkẹjọ dúró ti ẹyin, kò gbọ́dọ̀ jà rárá àfi bí wọ́n bá débẹ̀.