Ẹ bá mi dá sí i: kọ̀ǹpútà bàbá mi, kó lè bá ojú àti ọwọ́ wọn mu

ỌmọỌ̀fà_Ìlọrin:
Ẹ kú dédé ìwòyí o. Bàbá mi ni mo ń torí ẹ̀ kọ eléyìí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti pé 74, Ọ̀fà ni wọ́n wà, èmi wà n'Ílọrin ńbí. Wọ́n fẹ́ kọ ìtàn agboolé wa pẹ̀lú oríkì wa sílẹ̀, torí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fún wọn, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, RAM 4GB.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́tà kéré jù fún wọn, wọ́n á sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n díẹ̀, kí wọ́n tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kò ṣe é ṣe fún wọn, tí wọ́n bá sì tẹ a kan, a mẹ́rin ló máa jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìlà tó máa ń wà nísàlẹ̀ skírìn, taskbar, ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àwọn áíkọ̀n fọ́n káàkiri, wọ́n rò pé àwọn ti bà á jẹ́, ṣe ni wọ́n pa á dé, ọjọ́ márùn-ún wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí gan-an. Mo ti yí àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀ padà, mo sọ ọ́ di dúdú, kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Lékè gbogbo ẹ̀, wọ́n ní táwọn ò bá rí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn tẹ̀, àwọn máa padà sí báírò, pé báwo làwọn ṣe máa kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kó jẹ́ nǹkan kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AlfaKọ̀ǹpútà:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ. Ẹ fi àwòrán ẹ̀yìn sílẹ̀ ná, àwọn èèyàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ibẹ̀ sì kọ́ niṣẹ́ wà.

Ẹ lọ sí Settings, Ease of Access, Display, ẹ máa rí Make text bigger, ẹ rọra fà á títí bàbá fúnra wọn á fi sọ pé ó tó, ẹ má fi ojú tiyín wọ̀n ọ́n. Ẹ má lọ dín resolution, ìyẹn bí skírìn ṣe ń mọ́ kedere tó, kù o, lóòótọ́ nǹkan á tóbi ṣùgbọ́n lẹ́tà á máa ṣe bàìbàì, ojú wọn á tún wá ṣiṣẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá. Ní Ease of Access yẹn náà ẹ sọ ọfà máòsì di ńlá kẹ́ ẹ fún un láwọ̀ tó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan Text cursor indicator, á fi àwọ̀ sára ibi tí wọ́n ń kọ̀wé dé, torí ohun tó máa ń sọ nù mọ́ àgbà lọ́wọ́ jù nìyẹn.

Ti títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ ṣí fódà kan, ẹ lọ sí View, Options, ẹ mú Single-click to open an item. Ó parí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́. Ti a mẹ́rin yẹn, Control Panel, Keyboard, ẹ fa Repeat delay lọ sí Long. Tí kò bá tó, Filter Keys, tó máa ń fojú fo títẹ̀ àtẹ̀túntẹ̀, wà nínú Ease of Access, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán ti àkọ́kọ́ wò, Filter Keys lè mú kí kíbọọ̀dù máa lọ́ra lábẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n á tún ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ dá taskbar padà sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Lock the taskbar, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ ojú skírìn gbalasa, View, Large icons, kẹ́ ẹ sì máàkì Auto arrange icons. Áíkọ̀n tí wọn ò lò, ẹ kó o kúrò pátá. Mẹ́ta péré ti tó bàbá.

ÌyáAíṣá_Tanke:
Ẹ bá mi kí bàbá. Ti àmì ohùn ni kí n sọ, torí iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe ní Tanke, àwọn ọmọ Yunifásítì máa ń gbé iṣẹ́ Yorùbá wá. Settings, Time & Language, Language, ẹ fi Yorùbá kún un, tí bàbá bá ti tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú Spacebar pọ̀ á yí sí i. Kí wọ́n lè mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, ẹ tẹ Windows, Ctrl àti O pọ̀, kíbọọ̀dù á jáde sójú skírìn.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi, inú Word ni mo ti ṣe tèmi, ó sì máa rọrùn fún àgbà jùyẹn lọ. Insert, Symbol, More Symbols, ẹ wá ẹ níbẹ̀, ẹ tẹ Shortcut Key, kẹ́ ẹ fún un ní Alt pẹ̀lú E. Alt pẹ̀lú O fún ọ, Alt pẹ̀lú S fún ṣ. Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ wà nínú Combining Diacritical Marks, ẹ fún wọn ní Alt pẹ̀lú 1 àti Alt pẹ̀lú 2, wọ́n á kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kí wọ́n tó lé àmì sí i lórí. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ skírìn. Kẹ́ ẹ sì gba fọ́ǹtì Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni, àmì máa ń jókòó dáadáa lórí ẹ̀.

ỌmọÌgbómìnà:
Èrò tèmi yàtọ̀ o. Láti October 14, 2025 ni Microsoft ò ti ṣàtìlẹ́yìn fún Windows 10 mọ́, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ò sì lè gba Windows 11. Kí ló dé tẹ́ ò gbé Linux Mint sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, èyí tó jẹ́ Xfce, irú ẹ̀ tó fúyẹ́? 4GB yẹn tó o. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà níbẹ̀ lábẹ́ Nigeria, àti Compose key, bọ́tìnnì tó máa ń pa àmì méjì pọ̀ di lẹ́tà kan: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ ! àti e, ẹ á rí ẹ. Màmá mi ní Òmù-Àrán ń lò ó. Ẹ lè dán an wò látorí fíláàṣì kẹ́ ẹ má tíì pa Windows rẹ́.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Àbúrò, òótọ́ lẹ sọ nípa Windows 10, mi ò sì bá Linux jà. Ṣùgbọ́n bàbá ti pa á dé fún ọjọ́ márùn-ún torí taskbar tó yẹ̀, ẹ wá fẹ́ yí gbogbo ilé padà mọ́ wọn lọ́wọ́? Kí wọ́n kọ ìtàn wọn ná. Tó bá jẹ́ Word nìkan ni wọ́n ń lò, tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí lórí ẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ ò pọ̀. Tọ́mọ bá ráyè lọ jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá ṣe Mint.

ỌmọỌ̀fà_Ìlọrin:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀fà ni, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìdajì wákàtí ni mo fi ṣe ti Alfa, ti ìyá wa tó kù pẹ́ díẹ̀. Ohun tí bàbá kọ́kọ́ kọ ni ÌJÀKADÌ LORÒ Ọ̀FÀ, àmì pé lórí gbogbo ẹ̀, wọ́n pe màmá mi láti kíṣìnnì kí wọ́n wá wò ó. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n ti kọ ojú ìwé mẹ́ta báyìí. Ṣùgbọ́n mo gbé e lọ ṣe pírińtì níbì kan, àmì orí lẹ́tà ti fò síbòmíì, àwọn kan di àpótí kékeré.

ÌyáAíṣá_Tanke:
Kọ̀ǹpútà tiwọn ni ò ní fọ́ǹtì yẹn. Ẹ má gbé Word jáde nílé mọ́, Save As, PDF, fáìlì tó máa ń gbé fọ́ǹtì ẹ̀ dání, òun ni kẹ́ ẹ gbé lọ.