Òtútù tó dé lẹ́yìn ọyẹ́ ló pa ọmọ ewúrẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Jos
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran níbi tí òtútù wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹ má wojú mi, òótọ́ ni mo fẹ́. Ẹ̀yìn Bukuru ni mò ń gbé, mo ní ewúrẹ́ 11 àti adìẹ díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé orí òkè ni Jos wà, ó ga tó 1,200 mítà, bí ọyẹ́ bá mú níbí ó mú nìyẹn, síbẹ̀ gbogbo ọyẹ́ tó kọjá ẹran mi kankan ò kú. Nígbà tó di March tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, mo bá ká zana (ẹní koríko) tí mo fi dí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kúrò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àfi bí àkọ́rọ̀ òjò ṣe dé lóru Tuesday, yìnyín ń já lu páànù bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́, ewúrẹ́ mi pupa sì bí méjì lóru ọ̀hún. Mo gbọ́ igbe ẹ̀, mi ò dìde, mo ní ilẹ̀ á mọ́. Nígbà tí mo máa débẹ̀ laago mẹ́fà, ọ̀kan ti na gbalaja, inú ẹnu ẹ̀ tutù nini, mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu kò fà á. Mo sáré fún wàrà ìyá ẹ̀, mo fi sírínjì rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò tó aago mẹ́jọ tó fi kú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Alhaja, Minna
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Ọmọ Ọ̀ffà, Alberta
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọdún kẹrin mi rèé lóko màlúù àti àgùntàn ní Kánádà níbí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó jọ pé wàrà yẹn ló ṣe é. Ọmọ ẹran tí òtútù ti wọ̀ lára débi pé kò lè fa ọmú, kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, wàrà á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná ná. Ara ọmọ ewúrẹ́ tó dá ṣáṣá máa ń tó 39 lórí tẹmọ́mítà (ìdí lẹ máa tì í bọ̀), tó bá ti wálẹ̀ ju 37 lọ, wàhálà ti dé. Ẹ nù ún gbẹ dé inú etí, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé ike náà kó má bàa bó o lára, ẹ gbé e sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìgbà tó bá gbórí sókè fúnra ẹ̀ tó sì ń fa ìka yín lẹ ó tó fún un lọ́mú, èyí tó pọ́n tó ki tí ìyá kọ́kọ́ máa ń sun yẹn, kó mu ún láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́, torí inú ẹ̀ ni ààbò lọ́wọ́ àìsàn wà, tí ọjọ́ kan bá sì ti kọjá ìfun ẹ̀ ò lè gbà á wọlé mọ́. Tó bá ti lé ní wákàtí 5 tí wọ́n ti bí i tí kò tíì jẹun, ẹ má dá a ṣe o, ẹ pe fẹ́tì (dókítà ẹran) kó fún un ní glúkóòsì kẹ́ ẹ tó mú un gbóná, torí ọ̀rá tó bá a wáyé ti tán lára ẹ̀, bẹ́ ẹ bá kàn mú un gbóná bẹ́ẹ̀, gìrì lè mú un.

Nǹkan tó wá yé mi lóko yìí ni pé òtútù yàtọ̀ sí òtútù. Ní January ó lè tó 30 lábẹ́ òdo, màlúù á dúró sínú ẹ̀ torí pé ó gbẹ, irun wọn sì nípọn. Ìparí April tí koríko ti ń yọ, tí gbogbo wa ti ń sọ pé ó ti tán, ni sínóò olómi (yìnyín tó ń bọ́ bí òwú) máa dé pẹ̀lú ìjì, á rẹ irun dé awọ, atẹ́gùn á wá máa fẹ́ lu omi yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ní March 2019 nìyẹn, òjò ló kọ́kọ́ rọ̀ kó tó di sínóò, àsìkò tí màlúù ń bímọ sì ni, ọ̀pọ̀ ọmọ màlúù ló bá a lọ. Ọyẹ́ yín gbẹ, ẹran yín là á já. Àkọ́rọ̀ òjò yín ló jọ April wa. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa kúnlẹ̀ lórí koríko tí ẹran ń sùn lé, tí orúnkún ṣòkòtò mi bá rẹ, kí n da koríko gbígbẹ sí i.

Bàbá Kékeré, Kuje
Ẹ rántí adìẹ náà o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìẹ ń fẹ́ ooru 32 sí 35, lẹ́yìn náà ẹ máa fi bíi 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ò bá ní tẹmọ́mítà, ẹ wo bí wọ́n ṣe sùn: tí wọ́n bá gun ara wọn, òtútù ń mú wọn, tí wọ́n bá sá lọ sí ògiri, ooru ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ èédú lẹ fi ń mú wọn gbóná, ẹ má ti ibẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ èédú yẹn ò ní òórùn, ó ń pa adìẹ, ó ń pa èèyàn.

Alhaja, Minna
Ìyá Ìbejì, ẹ má dí gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìtọ̀ wọn á máa ta wọ́n nímú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Fúlàní tó múlé tì mí ló fi hàn mí pé ìjì òjò níhà ọ̀dọ̀ wa, ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ìhà ibẹ̀ lẹ máa dí pa, kẹ́ ẹ fi òkè ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀. Àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Vom, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR (àìsàn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn), ẹ jẹ́ kí fẹ́tì gún gbogbo wọn kí òjò tó wọlé dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Jos
Mo padà wá jíṣẹ́ fún yín. Lánàá òjò tún dé pẹ̀lú atẹ́gùn, ewúrẹ́ dúdú sì ti ń fẹsẹ̀ walẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Mi ò rán ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi dìde laago méjì òru, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi gbẹ. Ọ̀kan ló bí, ó rẹ, ó ń gbọ̀n, mo fi ìró mi àtijọ́ nù ún títí irun ẹ̀ fi dìde, ike omi gbígbóná méjì, àpò ìrẹsì lábẹ́. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ṣì tutù, ọwọ́ mi ń yún mi láti fún un ní wàrà, mo ní rárá, mo jókòó. Ó ti tó bíi ogójì ìṣẹ́jú kí ahọ́n ẹ̀ tó ká mọ́ ìka mi, ó fà á, ó fà á le. Ẹkún ni mo bú sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí náà: ọjọ́ tí ọmọ ewúrẹ́ àkọ́kọ́ kú, ọmọkùnrin tó ń bá mi tọ́jú ẹran ni mo jágbe mọ́, mo ní òun ló sùn, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gbọ́ igbe tí mi ò dìde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kí n bínú ná kí n tó béèrè. Láàárọ̀ yìí mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, mo wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu tó tutù, òun náà ló ń ṣọ́ ọ báyìí.

Zana ti padà sí ìhà ìlà oòrùn, ó di June kí n tó ká a. Alhaja, èèlò ni fẹ́tì yín ń gba lórí abẹ́rẹ́ ewúrẹ́ kan? Tèmi ń bọ̀ lọ́la.