Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ìtàn ẹlòmíì ṣe fíìmù, báwo lẹ ṣe gbàṣẹ?

Ọmọ Aláàdìrẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá kan wà l'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n fi àdìrẹ tọ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn tí ọkọ wọn kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ fi ìtàn wọn ṣe fíìmù. Ìyá ti ní kí n máa ṣe é. Ṣé ìyẹn ti tó?

Alákámẹ́rà: Kò tó o! Ní 2019, bàbá awakọ̀ kan n'Ílọrin jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ro gbogbo ohun tójú wọn rí lójú ọ̀nà fún mi, mo ń fi fóònù gbà á sílẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti fún ọ. Lọ ṣe é." Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. A kọ ìtàn tán, a rí olówó, bàbá kú. Nígbà tí mo lọ kí wọn, àkọ́bí wà lórí àga bàbá, ó nawọ́ sí mi: "Ìwé ńkọ́?" Mo tẹ fóònù kó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní, "Ohùn ò tẹ̀ka." Olówó gbọ́ pé ẹbí ò fọwọ́ sí i, ó kówó ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì: Ohùn bàbá ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin! Omi bọ́ lójú mi níbí o.

Ará Mushin: Ẹ tètè jáwọ́ jù. Òfin ẹ̀rí 2011 gba ohùn inú fóònù wọlé ní kóòtù. Ẹ bá ti pẹjọ́.

Alákámẹ́rà: Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá ẹ̀ ni kí n wọ́ lọ kóòtù? Mi ò lè ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á san án fún yín.

Lọ́yà Ìbàdàn: Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀nà tẹ́nì kan gbà kọ ọ́ sílẹ̀ ni òfin kópíráìtì 2022 ń dáàbò bò. Ìtàn Ṣàngó, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ kọ nípa Ṣàngó, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ: 1978 ni wọ́n kú, òfin sì fún àrólé ní 70 ọdún, ó di ìparí 2048. Kí lẹ wá ń ra lọ́wọ́ ìyá? Àdéhùn pé wọn ò ní pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ tú àṣírí àwọn, àti ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan: fọ́tò, lẹ́tà, ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ọkọ tó kọ̀ wọ́n sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Bó bá ṣì wà láyé, òun náà lè pẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ta ló ní ẹnikẹ́ni lè ṣe Ṣàngó? Àwọn tó ń bọ ọ́ ṣì wà nílé.

Lọ́yà Ìbàdàn: Òfin ni mo sọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Èmi ò sọ tòfin. Nígbà tá à ń ṣe tiwa, orógbó ni mo gbé lọ bá àwọn ẹlẹ́gùn, àwọn tí Ṣàngó ń gùn. Wọ́n wo òṣèré wa, wọ́n ní orí tí wọ́n gẹ irun ẹ̀ kọ́ ni ẹlẹ́gùn ń gbé kiri, kó lọ dirun. Ta ni ì bá sọ ìyẹn fún wa?

Ará Mushin: Èló ni wọ́n gbà?

Ọmọ Ọ̀yọ́: Wọn ò béèrè kọ́bọ̀.

Akọ̀wé-fíìmù: Ìyá aláàdìrẹ la bẹ̀rẹ̀ lé lórí o. Ẹ fún wọn lówó díẹ̀, ẹ fi di ìtàn náà mú fún ọdún kan àbọ̀, kí wọ́n má tà á fún ẹlòmíì. Ẹ kọ èyí tó kù sínú ìwé, kẹ́ ẹ san án lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kámẹ́rà bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ wá ṣẹlẹ́rìí. Bí ìyá ò bá mọ̀wé, ẹ ka gbogbo ẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, kí ẹni tó kọ ìwé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ síbẹ̀. Bí òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí ò mọ̀wé ṣe wí nìyẹn.

Ọmọ Aláàdìrẹ: Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ wá. A kàwé fún ìyá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ká yọ ibi tá a ti dárúkọ ọmọ wọn tó kú, a yọ ọ́. Ìgbà tó kan ìtẹ̀ka, àtàǹpàkò ọ̀tún ò mú, kọ́síìkì tí wọ́n ń pò mọ́ aró ti jẹ gbogbo ilà ìka wọn tán. A nù ún, a tún tẹ̀ ẹ́, tàdáwà lásán ló bo ìwé. Tòsì ló padà mú.