Póìntì lórí láísẹ́nsì ní UK: ẹ wá sọ tojú yín

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin èèyàn wa ní UK, ẹ kú ojúmọ́ o. Àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́nsì, kò tíì pé ọdún kan, lẹ́tà ti dé pé kámẹ́rà ká eré àsápajúdé mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò rí oorun sùn mọ́. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá_Ìbejì: Kó fọkàn balẹ̀ jàre. Tí eré yẹn ò bá ti pọ̀ jù, póìntì 3 (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́nsì) ni àti £100. Mẹ́fà ló ń lé ẹni tuntun padà sẹ́yìn, tó bá ti pé mẹ́fà láàárín ọdún 2 tó o yege tẹ́ẹ̀sì, láísẹ́nsì lọ nìyẹn, wàá padà sí prófíṣọ́nà, láísẹ́nsì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, wàá tún tíọ́rì ṣe, wàá tún tẹ́ẹ̀sì ṣe. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, fóònù ló ṣe mí léṣe. Iná pupa dá mi dúró ní Old Kent Road, mo ní kí n yẹ wọ́tsáàpù tí màmá mi fi ránṣẹ́ wò fìrí, àṣé ọlọ́pàá orí kẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Ó kan gíláàsì kò kò kò. Mo ní sà, ọkọ̀ dúró. Ó ní iná pupa kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Póìntì 6 lẹ́ẹ̀kan náà, £200, ọdún 2 mi ò sì tíì pé, láísẹ́nsì lọ.

Wálé_Kékeré: 😂 kí ni màmá fi ránṣẹ́?

Ìyá_Ìbejì: Àdúrà òwúrọ̀. Pé n kò ní rí ìjàǹbá ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds: Àdúrà ti gbà nìyẹn. Ẹ ò rí ìjàǹbá, ẹ ò sì rí ọkọ̀ wà 😂😂

Akin_B: Mi ò gbà. Ọkọ̀ tó dúró ti dúró, kí ló kan fóònù?

Ìyá_Ìbejì: Lọ sọ fún adájọ́. Láti oṣù kẹta 2022, kódà orin lásán lo fẹ́ yàn, fóònù ò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ẹ.

Baba_Kábù: Ẹ̀yin ń sunkún mẹ́fà. Iṣẹ́ kábù ni mò ń ṣe, ojú ọ̀nà kan tí mo mọ̀ sí máìlì 30 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ wọ́n ti sọ ọ́ di 20, èmi ò wojú pátákó, kámẹ́rà mú mi lálẹ́ ó tún mú mi láàárọ̀, kí n tó mọ̀ ó ti pé póìntì 12 láàárín ọdún 3, tó bá sì ti pé 12 oṣù 6 ló kéré jù tó ò fi ní wakọ̀. Lọ́yà ní ká lọ bẹ̀bẹ̀ ní kọ́ọ̀tù pé ebi á pa ọmọ mi. Adájọ́ obìnrin yẹn fa awò ojú ẹ̀ wálẹ̀ sí imú, ó ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá gba láísẹ́nsì ẹ̀ ló ń jìyà, kí ló mú tèmi yàtọ̀? Mi ò rí nǹkan sọ.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds: Aládùúgbò mi bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tiẹ̀ o. Òun ló ń gbé ìyá ẹ̀ lọ ṣe dáyálísíìsì nítorí àìsàn kíndìnrín, ìwé dókítà wà nílẹ̀. Láìsí ìwé, ẹkún òfo ni.

SisiManny: Ọmọ_Ìjẹ̀bú, ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ ẹ̀ ni lẹ́tà yẹn ń wá bá. Ọkọ̀ ta ni?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Tèmi ni. Mo yá a ni.

SisiManny: Hmmm. Àbúrò 👀

Wálé_Kékeré: Àbúrò tó ń fi fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tẹ̀wé 😂

SisiManny: Èyíówù kó jẹ́, kọ orúkọ ẹni tó wà á, dá fọ́ọ̀mù tó bá lẹ́tà yẹn wá padà kí ọjọ́ 28 tó pé. Tó o bá jókòó lé e, póìntì 6 ni fún ìwọ tó o ni ọkọ̀. Wọ́n sì lè fi kọ́ọ̀sì lórí eré sísá lọ ẹni tó wà á, wàá sanwó, wàá jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, kò sí póìntì rárá, tó ò bá ṣáà ti ṣe irú ẹ̀ láàárín ọdún 3.

Akin_B: Kó kọ orúkọ ẹnìkan tó wà ní Ìbàdàn, ó parí. Ta ni wọ́n máa lọ bá níbẹ̀?

Baba_Kábù: Akin, o fẹ́ kó lọ ẹ̀wọ̀n? Chris Huhne, tó ti ṣe odindi mínísítà ní UK rí, ìyàwó ẹ̀ nígbà yẹn ló gba póìntì eré sísá sórí fún un lọ́dún 2003. Ní 2013 àwọn méjèèjì gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Kì í ṣe ìwọ àti Corolla ẹ.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds: Póìntì kọ́ ló dun èmi, ínṣọ́ránsì ni. Wọ́n wo póìntì 3 tí mo ní, wọ́n gbé owó mi sókè bí ẹni pé mo fọ́ báńkì.

Akin_B: Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ilé. Kò sí wàhálà póìntì.

SisiManny: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? FRSC náà ní póìntì. 10 sí 14 ìkìlọ̀, 15 sí 20 wọ́n á dá a dúró fúngbà díẹ̀, 21 sókè wọ́n á gbà á.

Akin_B: Dárúkọ ẹnìkan tí wọ́n ti gba tiẹ̀ rí.

Wálé_Kékeré: Ẹ ní gbà? Láísẹ́nsì Nàìjíríà tèmi tí mo yàwòrán fún ò tíì jáde, ìwé pélébé ni mo fi ń wakọ̀ títí mo fi wọ ọkọ̀ òfurufú.