Èèwọ̀ kọ́ ni lẹ́tà R

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ lórí ìbéèrè tó wà nílẹ̀: orúkọ Yorùbá wo la ó fún àwọn òfurufú tí wọ́n ń dí bàálù lọ́wọ́ láti gbà ní Amẹ́ríkà, pàápàá R (restricted)? Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dáhùn ní ká máa pe ibi tí wọ́n fi lẹ́tà R sàmì sí lórí máàpù àwọn awakọ̀ bàálù ní "òfurufú èèwọ̀". Ẹnìkejì ní "òfurufú àhámọ́" ló dára jù. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù, tó fẹ́ fò gba etí òkun California láti Santa Barbara lọ sí San Luis Obispo. Bó bá kọjá Point Conception báyìí, òfurufú R méjì, R-2516 àti R-2517, ló dúró dè é, lókè Vandenberg, ibùdó ológun níbi tí wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí R ń sọ fún un ni pé kó béèrè lórí rédíò ná. Bí wọ́n bá ń lò ó lọ́wọ́, kó yà. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda, kó kọjá.

Ṣé èèwọ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ èèwọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún P (prohibited), irú P-56 tó bo White House ní Washington. Àhámọ́ ní tirẹ̀, ẹni tó wà nínú ló ń mú, ẹni tó wà lóde là ń bá wí níhìn-ín.

Àbá tèmi fún R ni "òfurufú akágòwọ̀". Àlejò dé ẹnu ọ̀nà, ó ní "Àgò o!" Onílé ní "Àgò yà", ó wọlé. Bí kò bá gbọ́ ohùn, ìta ló wà.

W (warning), tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú òkun níbi tó fi máìlì òkun 3 jìnnà sí etíkun, kò ju "òfurufú ìkìlọ̀" lọ: wọ́n ń kìlọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ tuntun má tìtorí R sá sójú òkun o! Bí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ní bá kú, ibo ni yóò balẹ̀ sí? Ní Gaviota, kó tó dé Point Conception, ni kó ti yà sí àríwá, kó máa tẹ̀lé títì 101 gba Buellton àti Santa Maria.

Ó ku òfurufú tí wọ́n ń sé fún ìgbà díẹ̀, bíi ti ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ gbéra. Kò sí lórí máàpù tí wọ́n tẹ̀. Inú NOTAM, ìkéde tí wọ́n ń ṣe fún àwọn awakọ̀ bàálù, ti ọjọ́ náà ló wà. Èmi fẹ́ ká pè é ní "ìsénà ráńpẹ́". Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.