Ṣé ẹnì kankan ń yin ìbọn sí àwo ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ níbí?

Ọmọ Pòrógun:
Ẹ kú ilé o. Mo padà dé láti ìlú ọba lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn ọdún 11, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà báyìí, kí n má parọ́, nǹkan kan ṣoṣo ni àárò ẹ̀ ń sọ mí, ìyẹn ìbọn tá a máa ń yìn láàárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe ọdẹ ṣíṣe o. Àwo pẹlẹbẹ kan báyìí, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ẹ̀rọ ló máa ń jù ú, o máa pariwo "pull!", á fò jáde fìà, o gbọ́dọ̀ fọ́ ọ kó tó balẹ̀. 25 ni wọ́n ń jù fún èèyàn nínú eré kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo fọ́ 3. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà ló dúró lẹ́yìn mi, ó ní ibi tó wà lò ń yìn, ibi tó ń lọ ni kó o yìn, má sì dá ọwọ́ dúró tó o bá ti fà á tán. Mo fọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn hó bí ẹni pé mo gbá góòlù wọlé. Bí mo ṣe di ará ibẹ̀ nìyẹn. Tí n ò bá wá lọ́sẹ̀ kan wọ́n á pè mí, ẹni tó ń po tíì ti mọ̀ pé ṣúgà mẹ́rin ni tèmi. Níbí mo ní ẹbí, mo ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, Sátidé Ìjẹ̀bú ò sì lè má ní òde, àmọ́ òde kọ́ ni mò ń wá.

Ọdẹ Òkè-Ṣópẹ̀n:
Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wí? Àwo? Bàbá mi ò ní yin kátíríìjì kan láìjẹ́ pé ó ti mọ ìkòkò tí ẹran náà ń lọ. 25 láàárọ̀ kan, fún ohun tí ò ṣeé jẹ, háà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá bọ́ọ̀sì yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nípa àparò. Mo sì mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ìpàdé ọdẹ tá à ń lọ yìí, ṣé torí ẹran ni, ẹran tí ò sí nígbó mọ́.

Àbúrò Ṣàgámù:
Ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹyẹlé gidi ni wọ́n máa ń yìn tẹ́lẹ̀ o, wọ́n tiẹ̀ yin ẹyẹlé ààyè níbi Òlíḿpíìkì Paris ní 1900, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń pe àwo yẹn ní clay pigeon, ìyẹn ẹyẹlé alámọ̀. Oríṣi ẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ skeet, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, yípo bí ojú aago ni wọ́n ti ń yìn ín tẹ́lẹ̀, ni aládùúgbò kan bá lọ dá oko adìẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n bá gé aago ọ̀hún sí méjì kí wọ́n má baà pa adìẹ olóko. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Pòrógun, ẹ má torí àárò ra ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Òfin ìbọn wa ti wà láti 1959, láìsí láísẹ́ńsì ẹ ò gbọdọ̀ ní in nílé, ìwé tí ọlọ́pàá ìlú ọba fún yín ò ṣiṣẹ́ níbí.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ́rù:
Èrò ni bọ̀dá yìí ń wá jàre. Ìyá ọkọ mi wá láti ilé Balógun kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Ojúde Ọba bá ti kù dẹ̀dẹ̀, n kì í rí ọkọ mi nílé mọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń yin ṣakabùlà, ẹ̀tù lásán ni, kò sí ọta níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí ìbọn ẹ̀ bá kọ̀, tó kàn dún kẹ́, ó gbé. Lọ́dún kan, ọkọ mi ni. Títí Iléyá kejì fi dé, "Kẹ́" ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ Pòrógun:
Ẹ̀rín pa mí o. Ti láísẹ́ńsì, mo gbọ́, n ò ra nǹkan kan.

Ọdẹ Òkè-Ṣópẹ̀n:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní Sátidé. Àwọn ọmọ mi á máa ju àgolo mílíìkì sókè, kànnàkànnà la máa fi ta á, ẹni tó bá ba 3 nínú 25 la máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tíì wà.

Ọmọ Pòrógun:
Ibo ni kí n ti bọ́ sílẹ̀? Ṣúgà mẹ́rin o.