Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: búrẹ́dì elégédé àti aṣọ Halloween àwọn ọmọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo bi yín léèrè nípa búrẹ́dì elégédé mi tó ń rọ̀ bí amọ̀ láàárín, àti aṣọ Halloween (ọdún ìparí oṣù kẹwàá tí àwọn ọmọdé ń wọ aṣọ ìdíbọ́n kiri láti ilé dé ilé) tí mo lè fọwọ́ ara mi rán fún ọmọ méjì níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà.

Búrẹ́dì ti jinná! Omi elégédé ló pọ̀ jù, bí ẹ ṣe wí. Mo se elégédé náà, mo gún un, mo dà á sínú aṣọ funfun, mo wá fún un bí a ti ń fún omi ògì. Omi tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife kan. Búrẹ́dì náà lo wákàtí kan nínú ófùn ní 350 Fahrenheit. Igi tín-ín-rín tí mo fi gún àárín rẹ̀ jáde ní gbígbẹ.

Aṣọ iwin tí mo fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ṣe náà dára: mo rán an mọ́ fìlà, ihò ojú kò yẹ̀ mọ́. Ìyẹ́ labalábá oní páálí ni kò pẹ́. Òjò winniwinni rọ̀ ọ́ kí a tó dé ilé karùn-ún. Èyí ni mi ò tíì rójútùú ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.